Ìbọ̀sẹ̀ Aláwọ Lórí Ilẹ̀ Mímọ́

Ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ. Kò sí ohun tí Zipporah Ọlọ́runṣẹ́gun kò mọ̀ nípa nẹ́tìbọ́ọ̀lù ní ẹkùn Kano. Ó mọ ọmọbìnrin tí orúnkún ń dùn, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó jáde àfi tó bá fọ abọ́ tán, ó sì mọ bàbá tó yẹ kéèyàn lọ kí lẹ́yìn Jímọ̀ kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló gbàgbé lódidi ọdún kan, nǹkan ọ̀hún sì rèé, lójoojúmọ́ ló ń bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà: bàtà ni.

Ká gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìparí rẹ̀ nìkan yóò ní òmùgọ̀ ni obìnrin náà, kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àjálù méjì jọ dé. Ilé ìwé tí ẹgbẹ́ ń lo pápá rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí kọ́ọ̀tù wọn. Ìyẹn ò tíì tán lára Zipporah tí àwọn àgbà nẹ́tìbọ́ọ̀lù gbogbo Àríwá fi ṣèpàdé, tí wọ́n sì sọ ọ́ sí i lójú pé ẹkùn Kano ti ń fìdí rẹmi jù. Bí Kano bá tún pàdánù lọ́dún náà, wọn yóò tú u ká, wọn yóò sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ti Kaduna. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n Zipporah mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bàbá wo ní Sabon Gari ni yóò gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa wọkọ̀ lọ sí Kaduna lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí eré? Títú ká yẹn, ikú ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi tọ́ ẹgbẹ́ náà, kò sì bí ọmọ mìíràn.

Wòlíì Bartholomew ló gbà á sílẹ̀. Ìjọ Aládùúrà tí Wòlíì ń darí wà lẹ́yìn Niger Street, Zipporah fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìjọ níbẹ̀ láti kékeré. Àgbàlá ìjọ náà fẹ̀, wọ́n ti rẹ́ símẹ́ńtì sí i, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi ṣe láàárín ọ̀sẹ̀.

"Zipporah ọmọ mi," ni Wòlíì wí, "ẹ máa lò ó. Ẹ ri òpó yín mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ mímọ́ ni. Bàtà tó ń tẹ títì kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀."

"Kò ní tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Mo ṣèlérí."

Ó ku àwọn bàbá. Ìdajì àwọn ọmọ náà jẹ́ Mùsùlùmí, àgbà inú àwọn bàbá wọn sì ni Alhaji Kàdírì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kano, tó ń ta aṣọ ní Kantin Kwari. Rahinat ọmọ rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mú jù lọ nídìí kí á ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka. Nígbà tí Alhaji gbọ́ ibi tí ọmọ òun yóò ti máa ṣeré, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ṣọ́ọ̀ṣì? Haba, Kóòṣì!"

Síbẹ̀, ó wá wò ó fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí bàtà lóríṣiríṣi tí wọ́n tò síbẹ̀, ó rí àwọn ọmọ nínú àgbàlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó rí Ìyá Ìjọ Salome tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbàgbé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "To! Ẹ ẹ̀ wá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wa." Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó wọlé, ó yẹ ibẹ̀ wò, ó sì sọ pé òun gbà, bí Zipporah bá lè ṣèlérí pé orí Rahinat kò ní wà ní ṣíṣí, àti pé yóò máa délé kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Zipporah ṣèlérí ìyẹn náà. Bí Alhaji ti gbà, àwọn bàbá yòókù gbà.

Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ lásán yẹn ló gba ọdún náà là. Ta ló tún fẹ́ fẹnu kàn án? Gbogbo ìdíje ẹkùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí kò sí kọ́ọ̀tù mìíràn. Àwọn ọmọ Gwagwarwa wá, wọ́n bọ́ bàtà. Àwọn ti Fagge wá, wọ́n bọ́ bàtà. Nínú eré yìí, bí bọ́ọ̀lù bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ò gbọdọ̀ sáré mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ balẹ̀ sí ni kí o dúró sí, kí o sì yára jù ú sí ẹlòmíràn. Àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà le, ó ń di símẹ́ńtì mú bí ẹsẹ̀ aláǹgbá. Àwọn kékeré inú wọn tilẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣeré náà níbi gbogbo láyé.

Ọdún náà ò sì rọrùn. Nígbà òjò, omi dá sí àgbàlá, wọ́n ń gbá a kí wọ́n tó lè ṣeré. Wọ́n fi ọmọ méjì fọ́kọ, Zipporah lọ sí ìgbéyàwó méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín lójú agbo, ó sì sunkún nílé. Ṣùgbọ́n Kano ń borí. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé ní oṣù December, ìdíje kan ṣoṣo ló kù, Kano àti Kaduna. Ọdún náà, Kano ló kàn láti gbàlejò. Bí wọ́n bá borí, ẹkùn dúró. Bí wọn ò bá borí, ó parí.

Adarí eré tí wọ́n rán sí wọn ni Ìyáàfin Rosaline, ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Jos, obìnrin gígùn tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dé pẹ̀lú àwọn ọmọ Kaduna. Ìyá Ìjọ Salome pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà."

Ìyáàfin Rosaline bọ́ tirẹ̀ láìjanpata. Ó wọlé, ó wo òpó, ó wo ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà, ó mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn ọmọ Kano tí wọ́n ń sáré kiri láti mú ara wọn gbóná. Ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó sì yíjú sí Zipporah.

"Níbo ni bàtà wọn wà?"

"Wọn kì í wọ̀ ọ́ níbí, ma. Ilẹ̀ mímọ́ ni."

"Madam, ẹ má bínú. Òfin ni òfin. Kò sí ẹni tó ń wọ kọ́ọ̀tù láìwọ nǹkan sẹ́sẹ̀. Ohun tó fúyẹ́, tó nítẹlẹ̀, tí kò ní irin lábẹ́. Bí ọmọ kan bá fẹsẹ̀ ṣe níbí, ta ló máa dáhùn?"

"Ṣé ìbọ̀sẹ̀ funfun ò lè ṣe é?"

"Ìbọ̀sẹ̀ lásán ò nítẹlẹ̀. Bí aago márùn-ún bá lù tí wọn ò bá sí nínú kọ́ọ̀tù bó ṣe yẹ, mo máa fọn fèrè pé Kano pàdánù ni. Ẹ̀yin lẹ gbàlejò, ẹ̀yin lẹ yan ilẹ̀."

Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Zipporah ò da nǹkan kan síwájú. Kó kó wọn lọ síbòmíràn ńkọ́? Síbo? Àwọn ilé ìwé ti gba ìsinmi, wọ́n ti ti géètì, wọ́n sì ti fi símẹ́ńtì ri òpó méjèèjì mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n sáré lọ bá òun wá bàtà kánfáàsì ní ọjà Sabon Gari, wọ́n sì kó o dé kíákíá, torí kò sí ohun tí ọjà yẹn ò ní. Ṣùgbọ́n bàtà kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni ilẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà, Wòlíì Bartholomew, ti lọ gbàdúrà fún aláìsàn kan ní Gwagwarwa. Kì í mú fóònù lọ síbi àdúrà. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé.

Kóòṣì àwọn Kaduna, ẹni tó ti ń wo aago rẹ̀, sún mọ́ ọn. "Auntie, Wòlíì ò sí nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n ṣeré, ká gbálẹ̀. Ta ló máa sọ fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Zipporah lára. Ọ̀nà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ó ké sí Ìyá Ìjọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo omi àwọn àlejò lẹ́yìn ilé."

Ìyá Ìjọ lọ, kò fura. Zipporah kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìta lọ sí ọ̀nà kékeré náà, ó pín bàtà fún wọn. Wọ́n wọ̀ ọ́ tán, wọ́n dúró bí ẹni tí wọ́n de lẹ́sẹ̀. Ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Rahinat ló sọ̀rọ̀.

"Auntie, Wòlíì fa? Wòlíì ńkọ́?"

"Ẹ wọlé. Màá bá Wòlíì sọ ọ́."

"Kóòṣì."

Alhaji Kàdírì ló dúró lẹ́yìn wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán ní mọ́ṣáláṣí òpópónà kejì ni, ó ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ó wo bàtà, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ojú Zipporah. "Kí ni mò ń wò yìí?"

Zipporah sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi nǹkan pa mọ́, kò sì sí àkókò láti fi pa á mọ́. Alhaji gbọ́ ọ tán, ó bi í léèrè.

"Nígbà tí mo fún ọ lọ́mọ mi, kí lo fi gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, sà."

"Ilẹ̀ yìí ńkọ́, kí lo fi gbà á lọ́wọ́ Wòlíì?"

Zipporah wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi náà ni."

"Ṣé ẹnu méjì lo ní ni? Ìyá mi, bí o bá lè fi ẹnu yẹn tan Wòlíì rẹ jẹ, èmi Kàdírì wá ńkọ́? Kí ni mo fi mọ̀ pé orí ọmọ mi wà ní bíbò ní gbogbo ìgbà tí n kò sí níbí?"

Ìtìjú bo obìnrin náà débi tí kò mọ ibi tó lè fi ojú sí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ bàtà, kí wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà ńlá. Òun náà tẹ̀lé wọn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Kano ti kú. Rahinat ń sunkún, kò pariwo, omi kàn ń dà lójú rẹ̀ sórí híjáàbù.

Alhaji ò lè wo ẹkún yẹn láti òkèèrè. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀, ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Ìyá Ìjọ Salome, tó ti padà dé, kí i pé, "Alhaji, ẹ kú ọyẹ́." Ó dá a lóhùn, ó sì kọjá.

Ibi tí Zipporah sorí kọ́ sí, ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó rí ẹsẹ̀ Alhaji tó ń kọjá lórí símẹ́ńtì ilẹ̀ mímọ́, ẹsẹ̀ náà kò sì wà lásán. Ó wọ húfì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hausa ń pe ìbọ̀sẹ̀ aláwọ tí àwọn àgbà Mùsùlùmí ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Wọn a wọ̀ ọ́, wọn a sì wọ bàtà lé e. Bí wọ́n bá dé mọ́ṣáláṣí, wọn a bọ́ bàtà, wọn a wọlé pẹ̀lú húfì. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni Alhaji ti ń wọ̀ ọ́ wọ àgbàlá yìí, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró rí.

Zipporah fò dìde. "Ìyá Ìjọ! Kí ló wà lẹ́sẹ̀ Alhaji yẹn?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni. Bàtà rẹ̀ ló wà níta yẹn."

"Ṣé kò ṣẹ̀ sí ilẹ̀?"

"Kí ló máa ṣẹ̀ sí? Ṣé ó tẹ títì ni?" Ìyá Ìjọ tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò rùn títì. Bí Wòlíì bá bèèrè, èmi ni n ó dáhùn."

"Ìyáàfin Rosaline, ma, ẹ wá wò ó. Ó fúyẹ́, ó nítẹlẹ̀, kò ní irin."

Ìyáàfin Rosaline wá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà, ó yí i síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún, Alhaji sì ń fi ẹsẹ̀ kan dúró bí lékeléke. "Mi ò rí irú eléyìí rí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n òfin ò kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa wọ̀ ọ́, kó má baà sí ìrẹ́jẹ. Méje ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọmọ mẹ́rìnlá ni mo fẹ́ rí. Èyí tó bá kọ̀ ọ́ nínú yín, òun ló pàdánù." Kóòṣì Kaduna la ẹnu, ó tún pa á dé.

Gbogbo ojú wá kọjú sí Alhaji. Zipporah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀; ó ń gbé láàárín Mùsùlùmí, ó mọ ohun tí òun ń bèèrè. Ẹni tó bá wọ húfì lórí àlùwàlá kì í fi omi fọ ẹsẹ̀ mọ́ títí dọjọ́ kejì, ọwọ́ tútù lásán ni yóò máa fi pa á lórí. Ìdí tí àwọn àgbà fi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ọyẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ó tán. Ìrun Màgàríbì ọjọ́ náà, omi ẹ̀rọ ni, nínú ọyẹ́ Kano tó ń la ètè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí làkúrègbé ti ń bá jà.

"Baba, don Allah," ni Rahinat bẹ̀ ẹ́.

Alhaji jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn húfì rẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló ń kùn sábẹ́ imú. "Ọyẹ́ yìí ni kò mọ̀ pé mo dàgbà." Ó gbé e lé Rahinat lọ́wọ́, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú bàtà tó tutù, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Aago ń lọ. Ìyáàfin Rosaline ti mú fèrè lọ́wọ́. Zipporah dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń na ọrùn, kò rí ẹnikẹ́ni, ó tún na ọrùn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù ló rí wọn níbi títì ti yí: Alhaji ló ṣíwájú, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí mẹ́tàlá sì tẹ̀lé e, sàfù ìrun iwájú lódidi, àwọn ọmọ Ìlọrin, àwọn ọmọ Ọ̀fà, Hausa mẹ́ta, wọ́n di ìbòrùn mọ́rí, wọ́n ń rọra bọ̀, olúkúlùkù sì gbé húfì rẹ̀ sí abíyá. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Húfì tóbi jù fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n fi aṣọ tí Zipporah ya dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Kò pẹ́ sí i ni fèrè dún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Kano ló ń sáré níwájú. Awọ náà rọ̀, wọ́n ń gbọ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ẹsẹ̀ lásán ló rí lára wọn. Àwọn ọmọ Kaduna ń yọ̀, wọ́n ń ṣubú lura wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kaduna ga, wọn kò sì gọ̀. Wọ́n fi ìrìn jẹ́jẹ́ kọ́ ilẹ̀, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù gba òkè orí, gólù wọn sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Eruku ọyẹ́ wá bo símẹ́ńtì, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Kano náà ń yọ̀. Rahinat gba bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sún, fèrè dún. Ó tún gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún sún. Nígbà tí wọ́n fi sinmi, Kaduna ti fi gólù mẹ́rin ṣáájú.

Ọ̀kan nínú àwọn Hausa àgbàlagbà yẹn ló nawọ́ sí wọn láti orí bẹ́ǹṣì. "Ruwa!" ló wí. "Ku shafa ruwa!" Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi omi pa húfì. Alhaji Kàdírì túmọ̀ rẹ̀ kíákíá: "Ẹ fi omi pa á, kó lè di ilẹ̀ mú! Lábẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ yìí, kì í ṣe lókè!" Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín, eyín ń gbá pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lẹ́nu wọn nítorí òtútù.

Wọ́n fi omi pa á. Awọ tó rin dúró. Bí Kano ṣe ń lé Kaduna nìyẹn, gólù kan, gólù kan, títí ìdíje fi dọ́gba. Zipporah ti jẹ etí gèlè rẹ̀ tán. Oòrùn ti wọ ẹ̀yìn ilé, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe Màgàríbì, ó sì rántí ìlérí kejì: Rahinat gbọ́dọ̀ délé kí wọ́n tó pè é. Ó bojú wo Alhaji. Alhaji ò wo oòrùn rárá. Ó ti dìde dúró lórí ẹsẹ̀ lásán, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù kan wá láti àárín, ó ga, ó fẹ́ jáde. Rahinat fò sí i, ó gbá a mú lókè, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan balẹ̀. Húfì ya. Gbogbo wọn gbọ́ ọ bó ṣe ń ya. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ tí ilẹ̀ yẹn ti mú le láti oṣù kejì bọ́ sórí símẹ́ńtì láti inú ihò náà, ó sì dúró gbọn-in. Kò sún. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó gbójú sókè, ó ju bọ́ọ̀lù. Ó yí lórí irin òrùka lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọlé. Ìyáàfin Rosaline fọn fèrè pé ó parí.

Zipporah wó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń sunkún bí ọmọdé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wó lé e lórí.

Bí Wòlíì Bartholomew ṣe wọlé nìyẹn. Ó bá àwọn àgbà Mùsùlùmí lórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi ìjọ, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, wọ́n sì ń hó nítorí òtútù. Ó ní kí ló dé. Zipporah kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò fo kọ́kọ́rọ́. Wòlíì fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Zipporah, kí ni mo sọ fún ọ? Bàtà tó ń tẹ títì ni mo ní kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ẹ bá tú bàtà tuntun nínú páálí rẹ̀ níbí, tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá ìjọ, tí kò jáde rí, kí ló ṣe é? Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Kí ló dé lóòótọ́? Ẹ̀rù ló bà á. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rí ojúure àwọn bàbá, ó sì bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án, kó má baà bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ ní oṣù kejì, láàárọ̀, pẹ̀lú ara líle, àwọn àgbàlagbà yìí ì bá wà nínú húfì wọn.

Ó dìde, ó gba búútà àlùwàlá lọ́wọ́ Alhaji. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín bu omi, sà."

Alhaji di èjìká Rahinat mú, ó ká ṣòkòtò sókè. Omi bà á lẹ́sẹ̀, ó ké, "Wayyo!" Rahinat na húfì tó ya sí i, kò lè wo ojú rẹ̀. Alhaji ti ìka bọ ihò náà, ó mi ìka rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

"Èyí ò ṣeé kírun mọ́. Mú un dání, tìẹ ni."

Nígbà yẹn ni wọ́n pe ìrun. Ó na ẹsẹ̀ kejì, Zipporah sì da omi sí i.